Sàláńsà Tí Mo Ní Kó Pariwo

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe ní Ìkẹjà ni pé mo máa ń lọ wo mọ́tò tó ti kọlu nǹkan, kí n sì sọ fún iléeṣẹ́ adójútòfò bóyá ó ṣì ṣeé tún ṣe. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí mo máa ń kọ ni pé kò ṣeé tún ṣe mọ́. Ó yẹ kí ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí bẹ̀rù mọ́tò, tàbí ó kéré tán, kí ọ̀rọ̀ mọ́tò sú u. Tèmi kò rí bẹ́ẹ̀. Bí òkú mọ́tò tí mò ń rí ṣe ń pọ̀ sí i ni ó túbọ̀ ń wù mí láti fi ọwọ́ ara mi ṣe ọ̀kan tó máa wà láàyè, tó máa pupa, tó sì máa sáré.

Mo sì ṣe é. Ọdún mélòó kan ni mo fi ṣe é nínú gáréèjì ilé wa ní Ìgàndó, ilé tí a kó wọ̀ kí ó tó parí, tí kò sì tíì parí títí di òní. Ìyàwó mi fẹ́ràn láti máa sọ fún àlejò pé gáréèjì nìkan ló ní sílìǹ nínú gbogbo ilé náà. Kò parọ́. A kò tíì rẹ́ ògiri ilé ìdáná, pálọ̀ kò ní ọ̀dà, ṣùgbọ́n iná gáréèjì mọ́lẹ̀ ju ti ibi tí òun ti ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Ẹgbẹ́dá lọ.

Ẹ́ńjìnnì mọ́tò náà, tòkunbọ̀ ni. Irin tó gbé e dúró, èmi ni mo gé e. Ọkùnrin tó bá mi fi fáíbà ṣe ara rẹ̀, táńkì omi ló máa ń ṣe ní Shasha, ìdí nìyẹn tí ẹ̀yìn mọ́tò náà fi rí róbótó ju bí mo ṣe yà á lọ. Ènìyàn méjì péré ló lè jókòó sínú rẹ̀. Bí o bá dúró tì í, òrùlé rẹ̀ kò kọjá ibi tí o de bẹ́líìtì mọ́, abẹ́ rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa họ ilẹ̀.

Ìyàwó mi wá wò ó lọ́jọ́ tí a kùn ún tán. Ó yí i po, ó yọjú wo inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Dádì, níbo làwọn ọmọ máa jókòó sí?"

Mo ní, "Kì í ṣe mọ́tò ọmọ. Eré sísá ni wọ́n ń fi irú rẹ̀ ṣe."

"Lójú ọ̀nà wo?"

Mo wo ìta. Ojú ọ̀nà tó wà níwájú ilé wa lọ́jọ́ yẹn, pẹ́pẹ́yẹ ló ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo tó kù ni sàláńsà, páìpù tí èéfín ẹ́ńjìnnì ń gbà jáde. Mo ti rò pé ìyẹn ló máa rọrùn jù. Ní Ìkòtún, àwọn onísàláńsà wà ní ẹ̀gbẹ́ títì, wọ́n so ọjà wọn kọ́ lọ súà bí ẹni so itan màlúù kọ́. Mo mú ọ̀kan nínú wọn wá sílé. Ó dọ̀bálẹ̀ láti wo abẹ́ mọ́tò, kò rí abẹ́ kankan. Ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ilẹ̀, síbẹ̀ kò rí i. Ó dìde, ó gbọn eruku ara rẹ̀, ó ní kí n máà bínú, pé sàláńsà mọ́tò ni òun ń tà. Bí ó ti ń jáde, ó ní kí n lọ bá jórin-jórin kan tó wà lẹ́yìn ọjà, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Àfáà. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá máa gbà láti ṣe irú nǹkan báyìí, Àfáà ni, nítorí kò sí ohun tí Àfáà kì í gbà.

Àfáà kì í ṣe àfáà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, irùngbọ̀n rẹ̀ tó gùn ló fún un lóyè. Òun náà, lójú ẹsẹ̀ tó rí mọ́tò mi, ó pè mí ní Ẹnjiníà. Mo fẹ́ sọ fún un pé n kì í ṣe ẹnjiníà, mo wá rò ó pé bí mo bá bọ́ oyè tèmi sílẹ̀, ó máa dà bí ẹni pé mò ń bọ́ tirẹ̀. Báyìí la ṣe jọ gbà fún ara wa.

Ó bi mí pé, "Kí lẹ fẹ́ kí n bá yín ṣe?"

"Sàláńsà."

"Mo rí i pé kò ní. Irú èwo lẹ fẹ́?"

"Èyí tó máa dún."

Ó wò mí. "Tó máa dún báwo?"

"Kó dún dáadáa, Àfáà. Bí mo bá tẹ iná mọ́ ọn, kó bú ramúramù."

Ó fi ọwọ́ nu irùngbọ̀n rẹ̀. "Ẹnjiníà, ẹ jọ̀ọ́, kí la ń pe nǹkan ọ̀hún?"

"Sàláńsà."

"Kí sì ni iṣẹ́ rẹ̀?"

"Kó má jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì pariwo."

"Ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu ara yín," ó wí, ó sì jókòó sórí táyà.

Ó wá ṣàlàyé ara rẹ̀ fún mi. Ìdákẹ́jẹ́ ni òun fi ń jẹun. Ó ní jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kan wà lọ́nà Ìpájà tí òun ṣe sàláńsà fún, pé ó dákẹ́ débi pé wọ́n gbàgbé láti pa á lẹ́yìn ìsìn, ó ṣiṣẹ́ títí epo inú rẹ̀ fi tán, pásítọ̀ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ òun. Mi ò rí ìdí tí ènìyàn á fi dúpẹ́ fún ìyẹn, ṣùgbọ́n mo gbóríyìn fún un. Ní ìparí ọ̀rọ̀, ó gbà. Ó ní òun máa ṣe é nítorí pé òun kò ṣe irú rẹ̀ rí, kì í ṣe nítorí pé ó bọ́gbọ́n mu.

Ọjọ́ Sátidé ni a máa ń ṣe é. Mo ti wo fídíò lórí fóònù mi títí mo fi mọ gbogbo rẹ̀ lórí. Mo fi han Àfáà. Òyìnbó kan gbé páìpù sórí ẹ̀rọ, ó tẹ bọ́tìnnì, páìpù tẹ̀ bí ẹni tẹ búrẹ́dì. Àfáà wò ó títí dé òpin, ó wá bi mí pé, "Ṣé iná wọn kì í lọ ni?" Ìbéèrè kan ṣoṣo tó ní nípa fídíò náà nìyẹn.

Àwa kò ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí a ṣe ni pé a kọ́kọ́ fi wáyà iná tó nípọn ya ọ̀nà tí páìpù máa gbà, láti ara ẹ́ńjìnnì títí dé abẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ awakọ̀, nítorí kò sí àyè lábẹ́ mọ́tò. Lẹ́yìn náà a rọ iyanrìn kún inú páìpù, a fi igi dí ẹnu rẹ̀ níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, kí páìpù má baà wó sínú nígbà tí a bá ń tẹ̀ ẹ́. Àfáà á fi iná gáàsì yọ́ ojú kan títí á fi pupa fòò, èmi á di ìdí rẹ̀ mú, òun á rọra fà á títí á fi bá wáyà wa mu.

Ó yẹ kí iyanrìn náà gbẹ. Òjò ti rọ̀ lóru ọjọ́ kan, iyanrìn tí a bù níbi tí a ń bù ú kò gbẹ. Bí iná ṣe ń ra páìpù, ooru omi ń gbáríjọ sínú rẹ̀, àwa kò mọ̀. Igi tó dí ẹnu rẹ̀ fò jáde bí ìbọn, ó gba àárín èmi àti Àfáà kọjá, ó sì lu dúrọ́ọ̀mù omi ìyàwó mi ní ihò. A dúró, a ń wo omi tó ń ṣàn.

Àfáà ní, "Mo sọ fún yín pé iyanrìn yẹn kò gbẹ."

Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ rọ ọ́ síbẹ̀."

"Mo rọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ nínú ọkàn mi."

Ìyàwó mi jáde wá, ó wo dúrọ́ọ̀mù, ó wò wá, ó sì padà sínú ilé. Lọ́jọ́ kejì, ó ra dúrọ́ọ̀mù mìíràn, ó gbé e sínú yàrá wa.

Ìjà wa tó tóbi jù ni ti gígùn páìpù. Páìpù mẹ́rin ló jáde lára ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó para pọ̀ di ọ̀kan. Mo ti kà á pé gígùn wọn gbọ́dọ̀ dọ́gba, kí èéfín wọn máa dé lásìkò, kí agbára mọ́tò má baà dín kù. Àfáà kò gbà. Ó ní, "Ẹnjiníà, èéfín kò ní rúlà lọ́wọ́." Mo ta kú. Ó gé e, ó jó o, ó tún gé e, ó tún jó o, ó ń kùn sínú irùngbọ̀n rẹ̀ bí ẹni ń ka wírídì. Nígbà tó parí, ó dọ́gba, ó sì lọ́ mọ́ra bí ìfun ewúrẹ́. Bóyá ó fi nǹkan kan kún agbára mọ́tò, títí di òní mi ò lè sọ, nítorí mi ò tíì rí ọ̀nà kan ní gbogbo Àlímọ̀ṣọ́ tí mo ti lè sá eré tó máa fi hàn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí a parí, mo jókòó sínú mọ́tò, mo sì ṣáná sí i.

Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́. Ariwo náà kò gba etí mi wọlé, ìjókòó ló ti gbà wọlé. Ó ga, ó jinlẹ̀, ó ń bú, ó ń hó. Mo tẹ iná mọ́ ọn díẹ̀, gíláàsì fèrèsé ilé ìdáná dún gbọ̀n-ọ́n-gbọ̀n-ọ́n. Mo ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Mo wo Àfáà kí n rí i bóyá òun náà ń rẹ́rìn-ín. Ó dúró lẹ́bàá gẹ́ètì, ó ti bọ́ awò dúdú tó fi ń jórin, ojú rẹ̀ sì dà bí ti ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń jalè ní gbangba.

Nígbà tí mo pa á, ó sún mọ́ mi. Ó rọ ohùn sílẹ̀.

"Ẹnjiníà, ẹ bá mi ṣe nǹkan kan."

"Kí ni, Àfáà?"

"Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé èmi ni mo ṣe é."

Bí mo ṣe ń jáde nínú mọ́tò, ojúgun mi kan páìpù. Abẹ́ ilẹ̀kùn gan-an ni a gbé e gbà, kò sì sí bí ènìyàn ṣe lè jáde láìgbé ẹsẹ̀ kọjá lórí rẹ̀. Nígbà tí ìyàwó mi ń di ojú egbò náà, ó ní ẹni tí sàláńsà ọ̀kadà jó lẹ́sẹ̀ pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn ní Ẹgbẹ́dá, ṣùgbọ́n òun kò tíì tọ́jú ẹni tó fi ọdún mélòó kan ṣe èyí tó máa jó o.

Láti ìgbà náà, mo ń gbé e jáde ní gbogbo Sátidé. Mi ò lọ jìnnà. Mo máa ń wà á dé ìkángun àdúgbò, mo sì máa ń yí i padà. Inú mi ń dùn. Mo rò pé inú àdúgbò náà ń dùn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, alága ẹgbẹ́ onílé wá sí ilé wa pẹ̀lú àwọn àgbà méjì mìíràn. Ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni alága, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kíláàsì ń gbọ́. Ìyàwó mi fún wọn ní omi tútù. Alága tún fìlà rẹ̀ ṣe.

Ó ní, "Àbúrò, ọ̀rọ̀ ariwo ló gbé wa wá."

Kò tíì sọ̀rọ̀ náà tán tí ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lẹ́yìn ilé wa bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò. Ìlù àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn ni wọ́n fi ń dán an wò. Alága gbé ọwọ́ sókè pé kí a ní sùúrù. A ní sùúrù. Nígbà tí wọ́n dánu dúró díẹ̀, ó sáré tẹ̀síwájú, ó ní àdúgbò yìí jẹ́ àdúgbò tó ní àlàáfíà. Ẹ̀rọ tó ń lọ ata níwájú ilé kejì gbéra. Ó gbé ọwọ́ sókè lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn ìyẹn ni iná ìjọba lọ, gbogbo jẹnẹrétọ̀ àdúgbò sì dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Alága ní láti dìde wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó fi ẹnu sún mọ́ etí mi, ó sì pariwo pé, "Mọ́tò yín yìí ń dí wa lọ́wọ́."

Mo pariwo padà pé, "Ẹ máà bínú, sà."

Ó ní, "Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni Yorùbá ń pè é. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló yẹ kó máa yọ́ lọ. Tiyín kò yọ́ rárá."

Èyí dùn mí, nítorí ó jẹ́ òótọ́, mi ò sì tíì rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ohun tó pa mí lẹ́nu mọ́ pátápátá ni èyí tó sọ tẹ̀lé e. Ó ní àwọn kì bá tí wá nítorí ara àwọn. Nítorí Màmá ni. Màmá ni ìyá àgbàlagbà tó ń gbé nínú ilé tó kángun sí tiwa, ìdílé ọkọ rẹ̀ ló sì ta ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ nínú wa ní àdúgbò náà. Alága ní ara Màmá kò gba irú ariwo bẹ́ẹ̀ mọ́, ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára rẹ̀, bí nǹkan bá sì ṣe é, kí ni àwa máa sọ?

Mo ṣèlérí pé màá pa ariwo náà. Wọ́n dúpẹ́. A kí ara wa pé ó dàárọ̀ pẹ̀lú ohùn òkè.

Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó mi ra ọsàn àti búrẹ́dì, a lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Màmá. Ìyàwó ọmọ rẹ̀, tó ń tọ́jú rẹ̀, ló ṣílẹ̀kùn. Màmá jókòó lórí àga lẹ́bàá fèrèsé. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Màmá, ẹ forí jì mí nítorí ariwo mọ́tò mi."

Màmá rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní, "A dúpẹ́. Àwọn ọmọ ńkọ́?"

Ìyàwó ọmọ rẹ̀ fọwọ́ kàn mí léjìká. "Ẹ̀gbọ́n, wọn ò gbọ́ yín. Etí wọn ti lọ, ó ti pẹ́."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ Màmá, ó pariwo sí i létí ọ̀tún pé èmi ni mo ni mọ́tò pupa tó ń dún. Ó ní láti tún un sọ. Nígbà tí ó yé Màmá, ó na ọwọ́ sí mi kí n sún mọ́ òun, ó sì mú ọwọ́ mi.

Ó ní, "Ìwọ lo ni ín? Mo ti ń bi wọ́n pé kí ló ń kọjá níta. Wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Mo ní ó wà. Ibí yìí ni mo ti ń gbọ́ ọ." Ó fi ọwọ́ mi lu àyà ara rẹ̀ pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́. "Ọkọ mi wa ọkọ̀ gẹdú láti Oǹdó wá sí Èkó. Kó tó yọ lọ́nà ni mo ti máa ń gbọ́ ọ. Bí mo bá ti gbọ́ ọ, mo ti gbé omi ẹ̀bà kaná. Bó bá fi máa sọ̀ kalẹ̀, oúnjẹ ti délẹ̀. Ìgbà wo lo tún máa gbé e jáde?"

Mo wo ìyàwó mi. Ìyàwó mi ń wo ọsàn.

Nígbà tí a délé, ó ní, "Ẹ ti ṣèlérí fún alága."

Mo ní, "Mo mọ̀."

"Ẹ ṣèlérí pé nítorí Màmá lẹ ṣe máa pa á."

"Mo mọ̀, jàre."

Ènìyàn kì í jẹ́ onílé ní Ìgàndó kó máa bá ẹgbẹ́ onílé jà. Mo pe Àfáà. Nígbà tó gbọ́ pé mo fẹ́ kí mọ́tò dákẹ́, ó ní òun ń bọ̀ lójú ẹsẹ̀, ó sì wá lójú ẹsẹ̀, ohun tí kò ṣe fún mi rí. Ó gbé sílíńdà irin kan dání, irú èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ ògiri ọ́fíìsì láti fi pa iná, tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀ mọ́. Ó gé e, ó fi páìpù tó lu ní ihò wẹẹrẹ gba inú rẹ̀ kọjá, ó wá ní òun nílò nǹkan tó máa fi há àárín wọn kí ariwo máa kú síbẹ̀. Ó wo inú ilé ìdáná wa. Gbogbo kànìnkàn onírin tí ìyàwó mi ń fi fọ ìkòkò ló bá a lọ. Ó ń jórin, ó ń kọrin. Nítorí kò sí àyè lábẹ́ mọ́tò, ó gé ihò sí fáíbà ẹ̀yìn, ó gbé páìpù náà gba ibẹ̀ jáde, kí ó má baà jó ẹnikẹ́ni lẹ́sẹ̀ mọ́.

Mo ṣáná sí mọ́tò. Mo rò pé ẹ́ńjìnnì kò tíì ṣiṣẹ́. Mo tún yí kọ́kọ́rọ́, irin inú rẹ̀ pariwo, ìgbà náà ni mo mọ̀ pé ó ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà yẹn. Ó ń dún bí ẹ̀rọ ìránṣọ.

Àfáà jókòó sílẹ̀, ó di ojú. "Ẹ gbọ́," ó wí. Kò sí ohun tí a lè gbọ́. Ohun tó ní kí n gbọ́ gan-an nìyẹn. Ó bẹ̀ mí kí n jẹ́ kí òun kọ nọ́ńbà fóònù òun sí ẹ̀yìn mọ́tò náà.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo wà á kọjá ní àdúgbò. Ojú rẹ̀ dà bí ẹkùn tó fẹ́ fò mọ́ ènìyàn, ìró rẹ̀ sì dà bí ti aránṣọ tó ń rán kọ́là ẹ̀wù. Télọ̀ tó wà ní ìkángun yọjú wá wo ẹni tó gbé máṣìnì rẹ̀. Alága dúró ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó ju ọwọ́ sí mi, inú rẹ̀ dùn. Mo ju ọwọ́ sí i. Mo gbé mọ́tò padà sílé, mo sì fi aṣọ bò ó.

Kò pẹ́ tí ìyàwó ọmọ Màmá fi wá kan ilẹ̀kùn wa. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mọ́tò yín bàjẹ́ ni? Màmá ò jẹ́ kí n gbádùn. Bí Sátidé bá ti dé, wọ́n á ní kí n gbé àga àwọn sí ẹnu ọ̀nà. Wọ́n á jókòó títí, wọ́n á ní kò tíì dé."

Mo sọ gbogbo bí ó ṣe jẹ́ fún un, títí kan ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru. Obìnrin náà wò mí bí ẹni tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ lédè mìíràn. Ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ ríru ta ni? Èmi ni mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru."

Ó lọ sọ fún Màmá. Mi ò mọ bó ṣe pariwo rẹ̀ sí i létí tó, ṣùgbọ́n ó yé Màmá dáadáa. Màmá ránṣẹ́ pe alága, ó sì ní kí èmi náà wá. Bí mo ṣe wọlé, alága ti wà lórí ìdọ̀bálẹ̀.

Màmá ní, "Wọ́n ní mo rán ọ níṣẹ́. Níbo la ti ríra?"

Alága ní, "Màmá, nítorí àlàáfíà yín—"

"Kí ló wí?" Màmá bi ìyàwó ọmọ rẹ̀.

"Ó ní nítorí àlàáfíà yín ni."

"Ṣé ó bi mí?"

Alága tún fi àyà kan ilẹ̀. Màmá na ọ̀pá rẹ̀ sí mi, ó sọ fún alága pé, "Sọ fún un pé kó máa gbé mọ́tò rẹ̀ jáde bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́, kó lọ sọ fún àwọn tó ń lọ ata."

Alága jẹ́ ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀yẹ padà sẹ́yìn. Ní ìpàdé oṣù náà, ó kéde pé ẹgbẹ́ onílé ti ronú jinlẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ mọ́tò pupa, wọ́n sì ti fọwọ́ sí i kí ó máa dún ní ọ̀sán Sátidé fún ìlera àwọn àgbàlagbà. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́.

Àfáà ló ṣòro láti yí lọ́kàn padà. Mo ní kó lu ihò sí páìpù kí ó tó dé ibi sílíńdà, kó sì ṣe ìdérí tí màá máa fi bọ́ọ̀tù dè, kí n lè ṣí i bí mo bá fẹ́ kó dún, kí n dé e bí mo bá fẹ́ kó dákẹ́. Ó ní òun kò lè fi ọwọ́ ara òun lu iṣẹ́ òun ní ihò. Mo mú un lọ sọ́dọ̀ Màmá. Màmá gbàdúrà fún un, fún àwọn ọmọ rẹ̀, fún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó gbà á gùn débi pé Àfáà ní láti ṣe àmín títí ohùn rẹ̀ fi ha. Bí a ṣe jáde, ó ní, "Ẹ gbé páìpù náà wá." Ó ṣe ìdérí tó dára. Ó kàn ní kí n má sọ pé òun ni.

Ní Sátidé àkọ́kọ́, Màmá kò fẹ́ jókòó sí ẹnu ọ̀nà mọ́. Ó ní òun fẹ́ wọlé sínú rẹ̀. Ìyàwó mi, ìyàwó ọmọ rẹ̀ àti èmi la jọ gbé e sọ̀ kalẹ̀ sínú àga, nítorí àga náà fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí ilẹ̀. Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó gbé ọ̀pá sí àárín orúnkún, ó sì kọjú síwájú. Mo ṣáná sí ẹ́ńjìnnì. Ó gbé ọwọ́ lé àyà, ó sì di ojú. Nígbà tó la ojú, ó ní, "Ọkọ̀ gẹdú ga ju èyí lọ. Ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn nìkan ni mò ń rí."

A ń lọ. Àwọn ènìyàn ń jáde wá wò wá. Ó ní kí n gbé òun dé títì. Ṣùgbọ́n kí a tó dé títì, ẹgbẹ́ onílé ti mọ búm̀pù kan, ebè tó ń dín eré ọkọ̀ kù, sí ojú ọ̀nà, ó ga bí ẹni sin nǹkan síbẹ̀. Mo mọ̀ pé bí àwa méjèèjì bá wà nínú mọ́tò, abẹ́ rẹ̀ kò ní kọjá. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo fi ọwọ́ ṣàlàyé fún Màmá. Ó yé e kíákíá. Obìnrin kan tó ń ta káàdì fóònù bá mi fà á sókè, Màmá fi ọ̀pá rẹ̀ tilẹ̀, ó rìn kọjá lórí búm̀pù náà, ó sì dúró sí òdìkejì ń dúró dè mí.

Mo yí mọ́tò sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, mo ń rọra fi táyà kọ̀ọ̀kan gun orí rẹ̀, ẹ́ńjìnnì ń bú ramúramù, mọ́tò kò sì kúrò lójú kan. Àwọn ènìyàn ti pé jọ. Awakọ̀ kan yọ orí jáde, ó bi Màmá pé ṣé ọkọ̀ náà ti kọṣẹ́ ni. Màmá kò gbọ́ ọ. Ó fi ọ̀pá tọ́ka sí mi, ó ń sọ fún gbogbo àwọn tó dúró pé kí wọ́n yà lọ́nà, ọkọ̀ òun ń bọ̀.